Ta Ni Ìyà Ìyàtọ̀ Wa Ń Jẹ?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti ìgbà díẹ̀, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa sùn nínú Olúwa níhìn-ín ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọ wọn ọkùnrin dé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ fún ìsìnkú náà. Òun ni ó ra pósí, òun ni ó sanwó ilé ìgbókùúsí, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò ṣe ojúṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé òkú wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìta ni ó dúró sí, lábẹ́ igi máńgòrò, títí ìsìn fi parí. Ìjọ tí ó wà ti kọ́ ọ pé kí ó má ṣe bá ìjọ mìíràn jọ́sìn, nítorí pé ènìyàn ọ̀tọ̀ ni àwọn. Nígbà tí a gbé oúnjẹ kalẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Àbúrò olóògbé, ìyá tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, fà mí lápá, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìwọ tí o kàwé, ṣé ìyá tó bí i náà wà lára ayé tí wọ́n ní kó jáde kúrò nínú rẹ̀ ni?” N kò rí èsì kankan fún wọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn àwọn ìjọ tí wọ́n ka ara wọn sí ènìyàn ọ̀tọ̀ láàrin ayé. Gbogbo wa ni a mọ ibi tí gbólóhùn náà ti wá nínú Pétérù Kínní, orí kejì. Èyí tí ìtàn wọn gbà mí lákòókò jù ni àwọn tí ayé ń pè ní Mọ́mọ́nì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pariwo mọ́ mi o. N kò sí nínú ìjọ wọn, n kò sì gba ìwé tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ Bíbélì, èyí tí Joseph Smith tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1830. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún ojú láti rí ilé aládùúgbò ju ilé ara ẹni lọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo tiwọn ná, a óò padà sí tiwa.

Bí ẹ bá ti dé Ìbàdàn tàbí Èkó, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí wọn: ọ̀dọ́mọkùnrin méjì-méjì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì, àmì orúkọ ní àyà. Ọdún méjì ni ọkùnrin fi ń ṣe iṣẹ́ ìwàásù yìí, oṣù 18 ni ti obìnrin, kò sì sí owó oṣù níbẹ̀. Bí ẹ bá ka àmì àyà wọn dáadáa, ẹ kò ní rí Mọ́mọ́nì níbẹ̀. Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹyìn ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Àwọn ará ìta ni ó fi orúkọ ìwé náà pè wọ́n, wọ́n sì gbé e rù fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2018 tí olórí wọn nígbà náà, Russell Nelson, sọ fún gbogbo ọmọ ìjọ pé kí wọ́n fi orúkọ ìnagijẹ náà sílẹ̀. Àwa tí wọ́n ń pe àwọn bàbá wa ní Aládùúrà ní ojú pópó, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀rín, a mọ bí ó ti máa ń rí.

Báwo ni wọ́n ṣe rí ara wọn? Wọ́n gbà pé lẹ́yìn ikú àwọn àpọ́sítélì, ìjọ tòótọ́ pòórá kúrò lórí ilẹ̀ ayé, pé Ọlọ́run sì dá a padà nípasẹ̀ Joseph Smith. Nítorí náà, ìjọ tèmi àti tìrẹ, ti Àńgílíkà, ti Kátólíìkì, ti CAC, kò pé lójú wọn. Àwọn ni ènìyàn májẹ̀mú. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ yìí kò mọ sí orí àga ìwàásù o, ó wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ àti àpótí aṣọ. Wọn kì í mu ọtí, wọn kì í fa sìgá, wọn kì í mu tíì àti kọfí, láti inú ìlànà kan tí ó ti wà láti 1833. (Kòkó kò sí lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀, kí àwọn àgbẹ̀ wa fọkàn balẹ̀.) Wọ́n ń san ìdámẹ́wàá. Àgbàlagbà tó bá ti wọ tẹ́ńpìlì wọn láti dá májẹ̀mú ń wọ aṣọ mímọ́ kan sí abẹ́ aṣọ rẹ̀ lójoojúmọ́, ayé kò rí i, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ó wà lára òun. Ìrọ̀lẹ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀, pàápàá ọjọ́ Ajé, wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún ìdílé, bàbá, ìyá àti ọmọ yóò jókòó pa pọ̀. Ìyẹn wù mí, n kò purọ́.

Kí ẹ tó sọ pé ìgbéraga lásán ni, ẹ rántí bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní October 1838, gómìnà ìpínlẹ̀ Missouri, Lilburn Boggs, pàṣẹ pé kí wọ́n pa wọ́n run tàbí kí wọ́n lé wọn kúrò ní ìpínlẹ̀ òun. Ìjọba ni ó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe jàǹdùkú. Ní June 1844, àwọn ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n pa Joseph Smith àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Brigham Young kó àwọn tó kù gba inú aṣálẹ̀, wọ́n sì dé àfonífojì Salt Lake ní July 1847. Títí di òní, àwọn ọmọ wọn ń sọ ìtàn ìrìn àjò náà bí ìgbà tí Ísírẹ́lì jáde kúrò ní Íjíbítì. Ẹni tí a bá lé jáde kúrò nínú ilé, bí ó bá yá, yóò máa fi ìlékúrò náà yangàn.

Ìyàtọ̀ wọn tí ayé mọ̀ jù nígbà náà ni ìkóbìnrinjọ. Wọ́n kéde rẹ̀ ní gbangba ní 1852. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin sí i, wọ́n sọ àwọn ọkùnrin sẹ́wọ̀n, wọ́n gba dúkìá ìjọ. Ní 1890, olórí wọn, Wilford Woodruff, kéde pé ó parí. Ẹ ronú sí i: ohun tí wọ́n ti lọ sẹ́wọ̀n lé lórí, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣé wọ́n wá dà bí àwọn yòókù? Rárá. Ìlànà tíì àti kọfí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ká lára tẹ́lẹ̀ ni ó wá le. Láàrin àwọn ọdún 1920, nígbà Heber J. Grant, ó di pé ẹni tó bá ń mu kọfí kò lè wọ tẹ́ńpìlì. Ògiri kan wó, wọ́n mọ òmíràn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti dé Ẹ̀fọ̀n báyìí.

Ní 1930, lẹ́yìn ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà, Joseph Ayọ̀ Babalọlá dé ìlú wa yìí. Awakọ̀ katapílà tí ń tẹ ọ̀nà ni ó jẹ́ kí Olúwa tó pè é ní 1928 lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ọba Aládéjàrẹ Agúnṣóyè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní ilẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì gba Jésù. Aláràá ti Àràmọkọ náà gbà. Ẹ̀yin tí àwọn bàbá yín àgbà sọ fún yín mọ ohun tí ó túmọ̀ sí nígbà náà láti kó òrìṣà ìdílé síta, kí iná jó o lójú àwọn tó bí ni. Ìdílé túká fún ìgbà díẹ̀. Ìjọba òyìnbó náà kò fọkàn balẹ̀ sí ogunlọ́gọ̀ tí ń wọ́ tẹ̀lé omi àti àdúrà. Ní 1932 wọ́n sọ Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Ṣáájú rẹ̀, ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye tí J. B. Ṣádárè kó jọ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ti fi ìjọ Àńgílíkà sílẹ̀ ní 1922, nítorí wọ́n kọ òògùn àti ìrìbọmi ọmọdé. Àwọn kan nínú wọn pàdánù iṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fà yọ nìyí. Ẹ̀wọ̀n Benin, Babalọlá ni ó jókòó sínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó bọ́, ẹni tó gbàgbọ́ ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n yàtọ̀, àwọn fúnra wọn ni ìyà rẹ̀ jẹ.

Ẹ wá wo kuníìnì. Ní 1931 ni àwọn òyìnbó ajíhìnrere ìjọ Àpọ́sítélì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé láti bá àwọn bàbá wa ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ òògùn fi dá ìjà sílẹ̀. Àwọn òyìnbó ń lo kuníìnì sí ibà. Àwọn aṣáájú wa ní ẹni tó bá gba ìwòsàn Ọlọ́run gbọ́ kò gbọdọ̀ gbé e mì. Wọ́n pínyà lórí rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, ní 1943 ni wọ́n sì forúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Òògùn tí wọ́n kọ̀ nígbà náà kì í ṣe ti ilé ìwòsàn nìkan, ti adáhunṣe tí ń gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ tálákà wà lára rẹ̀. Àgbàlagbà tó bá kọ kuníìnì fún ara rẹ̀, ìyẹn wà láàrin òun àti Ọlọ́run rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì tí ibà ń ṣe kò jẹ́jẹ̀ẹ́ kankan fún ẹnikẹ́ni. Ìyàtọ̀ bàbá àti ìyá ni, òun ni ará rẹ̀ ń gbóná. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn kan, ẹ foríjì mí, n kò lè gbé e mì.

Lónìí, Babalọlá tí ó kú ní July 1959 sùn sí Ẹ̀fọ̀n yìí, àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí ibojì rẹ̀, ìjọ náà sì ti ní yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ìkéjì-Arákejì láti 2006. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ń lọ sí ilé ìwòsàn láìbojú wẹ̀yìn. Ṣé ìyàtọ̀ wá tán láàrin àwa ìjọ elédè yìí? Ó kó lọ sí orí yẹtí, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ṣòkòtò lára ọmọbìnrin. Gẹ́gẹ́ bí ti kọfí ni.

Mo padà sọ́dọ̀ àwọn Mọ́mọ́nì, nítorí ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti jẹ ẹlòmíràn níyà jù, ara dúdú bíi tèmi àti tìrẹ ni. Nígbà ayé Joseph Smith, wọ́n fi ọkùnrin dúdú kan, Elijah Abel, joyè àlùfáà wọn ní 1836. Ní 1852 Brigham Young kéde pé ẹni dúdú kò gbọdọ̀ jẹ oyè náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà fún ọdún 126. Láàrin ìjọ wọn, gbogbo ọkùnrin tí ìwà rẹ̀ bá yẹ ni ó ń jẹ oyè yìí, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn tí ayé ti lé jáde lórí ìgbàgbọ́ wọn wá ti àwọn mìíràn mọ́ ìta lórí awọ ara.

Ìyanu ibẹ̀ ni pé àwa ará Nàìjíríà ń kọ lẹ́tà sí wọn. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni lẹ́tà ti ń lọ sí Salt Lake City láti ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa, láti ọwọ́ àwọn tó ti ka ìwé wọn, tí wọ́n sì ti kó ìjọ jọ fúnra wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Ní 1961 wọ́n rán ọkùnrin kan, LaMar Williams, wá wò wọ́n. Ní 1963 ìwé ìròyìn Nigerian Outlook ní Enugu tú àṣírí òfin lórí ẹni dúdú náà, ìjọba kò sì fẹ́ fún àwọn ajíhìnrere wọn ní ìwé ìwọ̀lú. Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Anthony Obinna, olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Imo ti òde òní, ti lálàá nípa ilé gíga kan ní 1965. Ó rí àwòrán ilé náà nínú ìwé ìròyìn nígbà tó yá, ó rí i pé tẹ́ńpìlì Salt Lake ni, ó sì ń kọ lẹ́tà títí. Ní June 1978, Spencer Kimball kéde pé òfin náà ti dópin. Ní November ọdún náà ni wọ́n ri Obinna bọmi pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n ya tẹ́ńpìlì Aba sí mímọ́ ní 2005. Ní 2013 ni ìjọ náà tó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé àwọn kò gba àwọn àlàyé àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣe òfin náà láre mọ́. Mo ń bi ara mi léèrè ẹni tí ó jẹ́ ènìyàn ọ̀tọ̀ gan-an nínú ìtàn yìí, ẹni tó ti ilẹ̀kùn ni àbí ẹni tó dúró sí ẹnu rẹ̀ láti 1965?

Ilẹ̀kùn kan tún wà tí ó rán mi létí igi máńgòrò. Inú tẹ́ńpìlì ni wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀ títí ayérayé, ẹni tí kò bá sì ní ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ olórí ìjọ kò lè wọlé, ìbáà jẹ́ òbí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣègbéyàwó ní gbangba kí òbí rẹ̀ lè rí i, yóò dúró ọdún kan gbáko kí wọ́n tó so ó pọ̀ ní tẹ́ńpìlì. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò fẹ́ dúró. Bàbá tó tọ́mọ yóò wá jókòó síta nígbà tí wọ́n ń so ọmọ rẹ̀ pọ̀ nínú ilé. Ẹ gbé e wá sí ilé Yorùbá wò! Ta ni yóò gbàdúrà sórí ọmọ? Ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún ta? Ní May 2019 wọ́n mú ọdún kan náà kúrò. Ó pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé, inú mi sì dùn nígbà tí mo kà á, bí ẹni pé ará ilé mi ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún.

Nínú gbogbo ìyàtọ̀ wọn, ọ̀kan wà tí mo ń jowú. Ọjọ́ Ìsinmi kan lóṣù, èyí àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́, wọn kì í jẹ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì. Owó oúnjẹ tí wọn kò jẹ náà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n ń kó fún bíṣọ́ọ̀bù ìjọ wọn fún àwọn aláìní. Bíṣọ́ọ̀bù náà kì í gba owó oṣù, iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ń ṣe jẹun, olùkọ́ tàbí oníṣòwò. Ebi náà, ikùn ẹni tó ní òun yàtọ̀ ni ó ń pa. Opó tí kò rí owó iléèwé san ni ó ń jàǹfààní rẹ̀. N kò ní sọ pé wọ́n mọ́ tónítóní nínú ọ̀rọ̀ owó. Ní February 2023, àjọ tí ń mójú tó ọjà ìdókòwò ní Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 5 dọ́là lé wọn lórí, mílíọ̀nù 4 lórí ilé iṣẹ́ tí ń bá wọn dókòwò àti mílíọ̀nù 1 lórí ìjọ fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n fi orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn bo ìdókòwò wọn mọ́lẹ̀. Owó ènìyàn ọ̀tọ̀ náà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Kí àwọn akápò wa náà gbọ́.

Àwa ńkọ́? A ń gbààwẹ̀ ju àwọn Mọ́mọ́nì lọ. Ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ọlọ́jọ́ méje, ọlọ́jọ́ 21, mo ti gbà gbogbo rẹ̀ rí. Irẹsì àti ẹ̀wà tí a kò jẹ ń padà sínú ìkòkò wa ni. Ọmọbìnrin tó wọ ṣòkòtò wá sí ìpàdé, a lé e padà láti ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀gá iṣẹ́ tí kò san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, iwájú ni a fi í jókòó sí. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, n kò sì sọ nǹkan kan.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí àwọn alàgbà ìdàpọ̀ wa pé kí a ya ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù sọ́tọ̀, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣírò owó oúnjẹ tí kò jẹ, kí a kó o sínú àpótí kan tí ènìyàn mẹ́ta yóò máa kà lójú gbogbo wa. Kí ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn opó, láìbéèrè ìjọ tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ní a óò jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó wá, kí ó sọ tẹnu rẹ̀.

Ní ti ọmọkùnrin abẹ́ igi máńgòrò, ó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí. A sọ̀rọ̀ iṣẹ́, a sọ̀rọ̀ òjò. Nígbà tí mo rò pé ó fẹ́ dágbére, ó béèrè orin tí a kọ nígbà tí a ń gbé ìyá òun jáde. Mo sọ fún un. Ó ní ojú ọ̀nà kò dára, òun kò gbọ́ dáadáa, ṣé mo lè tún un sọ.